Akoto Funfun Kan Ṣoṣo

Lórí pèpéle irin tó dúró láàrin òkun yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fa gáàsì, àwọ̀ akoto ni wọ́n fi ń dá àjèjì mọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń dé fún un, kí gbogbo ojú lè máa ṣọ́ ọ, kó má baà fọwọ́ kan irin tó gbóná tàbí kó gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán an wò. Tó bá pé, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà kí wọ́n ṣí aláwọ̀ ewé kúrò lórí rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n fi funfun rọ́pò rẹ̀, kó di òṣìṣẹ́ pátápátá; tàbí kí ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti báàgì rẹ̀ padà sí èbúté, kó sì parí síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìpinnu náà, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù wà. Ẹni tí wọ́n ń wò, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò lára òun, bó rẹ́rìn-ín, ara á fu ú pé ẹ̀rín òun pọ̀ jù; bó dákẹ́, ara á tún fu ú.

Alágbàfọ̀ pèpéle náà mọ ẹ̀rù yẹn bí ẹní mọ ojú abẹ́rẹ́. Obìnrin tó ń sún mọ́ ogójì ọdún ni. Nílé, ìyàwó télọ̀ ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì tíì jáwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọdún méjì tí télọ̀ ti dìde nídìí máṣíìnì rẹ̀, tó lọ sí ìrìn àjò tí kò ní àbọ̀. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀ fún un, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ nílé kékeré kan lẹ́bàá èbúté. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ níwájú ìyá náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́:

"Ìyàwó wa, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ò tíì fìdí múlẹ̀ kì í tọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá kọ́nfáàmù yín, kí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ Màámi. Bí wọn ò bá ṣe é, èmi ń mú un lọ sọ́dọ̀ mi."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ jìnnà. Mọ́tò á rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú kó tó débẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí alágbàfọ̀ bá rí akoto funfun lórí ẹnikẹ́ni, kì í ṣe akoto ló ń rí. Orí ọmọ rẹ̀ ló ń rí, àti irun ẹ̀yìn etí òsì tí wọ́n gbọ́dọ̀ rọra dì, nítorí ibẹ̀ máa ń dùn ún.

Àwọn mẹ́rin ló jọ gun ọkọ̀ wá. Èébì òkun lé ẹnì kan padà lóṣù kìíní. Ẹnì kejì, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, bá ọkọ̀ lọ lóṣù kẹta, kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Ó ku alágbàfọ̀ àti Ọlọ́dà. Ọmọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa ni Ọlọ́dà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ha ìpẹtà kúrò lára irin, kó sì máa kùn ún.

"Tí n bá kun apá ọ̀tún tán, apá òsì ti dípẹtà," ó máa ń wí. "Èmi àti òkun yìí, bí ìyàwó àti ìyá ọkọ ni wá. Kò séyìí tó máa rẹ̀."

Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, yàrá ìfọṣọ ló ń gbà lọ, nítorí ibẹ̀ móoru. Á dúró ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, á bá alágbàfọ̀ ká aṣọ iṣẹ́, àwọn aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń wọ̀ láti ọrùn dé kókósẹ̀, á sì máa sọ ìsọkúsọ títí ẹni tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ló dé akoto aláwọ̀ ewé. Kò sì sẹ́ni tó ń fi àwọ̀ yẹn ṣọ́ ẹnì kejì.

Ọjọ́ kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oṣù kẹfà ti wọlé, ọkọ̀ ẹrù sì ti dé. Alágbàfọ̀ lọ gba ọṣẹ ní sítóò. Àpótí kan wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Akoto funfun tuntun wà nínú rẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ìbọ̀wọ́ ló wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàtà. Ó wo inú àpótí kejì, ìṣó àti okùn. Akoto funfun kan ṣoṣo ni. Bó ṣe yíjú padà, Ọlọ́dà ló rí lẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba búrọ́ọ̀ṣì. Ojú Ọlọ́dà lọ sínú àpótí, ó padà wá sójú rẹ̀, ó tún lọ sínú àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀."

"Ọlọ́dà, o káàárọ̀."

Wọ́n ti kí ara wọn tẹ́lẹ̀ níbi oúnjẹ àárọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí nínú wọn.

Látọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Tí Ọlọ́dà bá kan ilẹ̀kùn, alágbàfọ̀ á ṣí i ní ìwọ̀n tí orí lè gbà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀kùn yín ń ṣàárẹ̀ ni? Kò ṣí tán mọ́."

"Iṣẹ́ pọ̀ níbí."

"Kí n wá bá yín ká aṣọ?"

"Mo ti ká a tán."

Òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì ká sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga tó ìbàdí. Ọlọ́dà rí i. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó sì lọ. Kò pè é ní "mà" rí. Ọ̀rọ̀ kékeré náà gún un láyà, ṣùgbọ́n ó pa ilẹ̀kùn dé. Páńsá ò fura, páńsá já sínà. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìfura loògùn àgbà. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìyẹn, òun náà ò sì rí ibi tó burú sí.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ abọ́ kan níbí. Kí obìnrin yìí tó dé, tí alágbàfọ̀ ìgbà náà bá rí nǹkan nínú àpò aṣọ, á kó o sínú dúrọ́ọ̀, ẹni tó bá rántí á wá béèrè, bóyá á rí i, bóyá kò ní rí i. Ẹjọ́ pọ̀ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni obìnrin yìí ti kọ́ ti ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í fi ohun tó bá rí nínú àpò oníbàárà pamọ́ rárá; orí tábìlì tó wà lójú ọ̀nà ló máa ń gbé e sí. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tó bá wà níta, kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n jí òun." Nígbà tó dé orí pèpéle, òun náà wá abọ́ funfun kan, ó gbé e sójú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba aṣọ. Ohunkóhun tí àpò bá bí, abọ́ ló ń gbà á: ìṣó, bíróò, kọ́kọ́rọ́, búrẹ́dì tó ti le. Á fi ẹfun kọ nọ́ńbà oníaṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni í á mú un nígbà tó bá kọjá. Búrẹ́dì, ti Ọlọ́dà ni nígbà gbogbo. Gbogbo pèpéle ti fi ṣẹ̀fẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sítóò, ó ń yẹ àpò aṣọ wò bí ìṣe rẹ̀ kó tó jù wọ́n sínú ẹ̀rọ. Ó dé orí nọ́ńbà kẹsàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ ìnujú tó di nǹkan mọ́ inú. Ó tú u. Láítà ni, pupa, kékeré. Ó tẹ̀ ẹ́ láìrò ó, iná sì yọ.

Ó pa á kíá, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lórí pèpéle náà, gáàsì ń gba inú páìpù kọjá lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn pàápàá. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè sọ gbogbo wọn di ìròyìn. Ní èbúté, kí ènìyàn tó wọkọ̀, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò nítorí láítà àti ìṣáná. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbé e lọ. Ta ló sì ni nọ́ńbà kẹsàn-án? Fọ́máànù ni. Ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń jẹ́ "Tún un wò." Tí o bá di okùn, "Tún un wò." Tí o bá ní o ti nu ilẹ̀, "Tún un wò." Tún-un-wò náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní òun ni etí ọ̀gá pèpéle, pé ẹni tí ó bá fajú ro sí kì í rí funfun dé.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí garawa ọṣẹ. Bí ó bá gbé láítà yìí sínú abọ́, ó ti tú àṣírí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ayé rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá gbé e síbẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fi dẹ ẹ́, ó ti bọ́ sínú páńpẹ́. Ta ló lè dẹ ẹ́? Tún-un-wò fúnra rẹ̀. Tàbí Ọlọ́dà, tó mọ bí abọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó mọ ibi tí aṣọ máa ń wà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, tó sì rí i pé akoto funfun ò ju ẹyọ kan lọ. Bó ṣe ń rò ó ló ń di òtítọ́ lójú rẹ̀. Ó bo láítà náà mọ́ inú garawa, ó da ọṣẹ lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tún-un-wò dúró lójú fèrèsé. Ó wo inú abọ́ fún ìgbà pípẹ́. Búrẹ́dì kan àti ìṣó kan ló wà níbẹ̀.

"Ṣé ó parí síbí?" ó bi í.

"Kí ni ẹ ń wá, sà?"

"Mi ò ní mò ń wá nǹkan." Ó gbé ojú sókè. "Tún un wò."

Ó lọ. Ohun tí ọkùnrin náà sọ gba ìtumọ̀ méjì, èyíkéyìí nínú wọn sì burú.

Ó tọ Bàbá Alásè lọ ní ilé ìdáná. Bàbá Alásè ni àgbà gbogbo wọn, ó ti ń se oúnjẹ lórí òkun láti ìgbà tí irun wà lórí rẹ̀. Ó ń gé àlùbọ́sà.

"Bàbá, alágbàfọ̀ tó wà níbí kí n tó dé, kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Wọ́n á wulẹ̀ lé e?"

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi lé e nìyẹn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí ló dé tí ò ń béèrè?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ọmọ mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó gé àlùbọ́sà síwájú díẹ̀. "Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Bàbá, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

"Èmi? Alásè ni mí. Oúnjẹ ni mò ń bù fún ènìyàn, n kì í bá wọn jẹ ẹ́." Ojú rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò bóyá ó ti jinná. Ara tún fu ú sí bàbá náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní àyè láti fi fóònù ọ̀dẹ̀dẹ̀ pe ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e.

"Ìyàwó mi, ara le? Ṣé òkun ò bínú?"

"Kò bínú, Màámi."

"Ọmọ rẹ fa eyín kan yọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ó fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí àlàfo náà. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì gba ojú rẹ̀ láìbéèrè. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ohùn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gba fóònù. Ó wá kí ìyá rẹ̀, ni ó wí.

"Ìyàwó wa, ó kù díẹ̀ kó pé. Ṣé wọ́n ti sọ nǹkan?"

"Wọn kì í sọ ọ́ ṣáájú."

"Ah. Wọn kì í sọ ọ́ ṣáájú." Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń yẹ owó ayédèrú wò. "Ó dáa. Mo ti ní kí wọ́n tún yàrá kan ṣe lọ́dọ̀ mi. Nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì pinnu pé òun ò rí láítà kankan. Ohun tó ti rì sínú ọṣẹ, kó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí di òwúrọ̀ tí agogo ìkìlọ̀ dún. Gbogbo ènìyàn sáré lọ síbi ìpéjọ, wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n gbé ẹ̀wù ìléfòó kọ́rùn. Gáàsì ló jò nísàlẹ̀, níbi tí Ọlọ́dà ti ń ha irin. Òun ló gbọ́ ọ tó ń súfèé nínú páìpù, ló bá ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ tẹ agogo. Ó dúró lórí ìlà báyìí, ètè rẹ̀ funfun, akoto aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá pèpéle ní kí ẹ̀rọ gbogbo dákẹ́. Wọ́n sì dákẹ́. Òkun nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni alágbàfọ̀ rántí ibi tí ó fi láítà sí. Garawa ọṣẹ. Garawa ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tí irin ara rẹ̀ máa ń gbóná débi pé kò ṣeé fi ọwọ́ kàn. Ó ti ń ṣọ́ Tún-un-wò, ó ti ń ṣọ́ Ọlọ́dà, ó ti ń ṣọ́ àgbà alásè. Gbogbo àkókò yẹn, òun gan-an ló ń tọ́jú iná sábẹ́ ilé gbogbo wọn. Ó wo Ọlọ́dà. Ọmọkùnrin náà ń tún akoto rẹ̀ dé.

Wọ́n rí ibi tó ń jò, wọ́n dí i. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́, alágbàfọ̀ ò dúró níbìkankan. Ó ti ọwọ́ bọ garawa, ó mú láítà jáde, ó fi omi ṣàn án, ó sì gbé e sáàrin abọ́ funfun tó wà lójú fèrèsé, lójú ọ̀sán gangan. Ó mú ẹfun. Ó kọ nọ́ńbà kẹsàn-án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń kọ ọ́ fún bíróò àti ìṣó. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í, ó ń dúró.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá rí i. Ó kàn yára rìn ni. Ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Kò pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi kún. Ọlọ́dà wà láàrin wọn; ó wo láítà, ó wo nọ́ńbà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó rí i tó bọ́ sínú kànga. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn pín sọ́tùn-ún sósì, Tún-un-wò wọlé.

Ó wo inú abọ́. Ó fi ìka méjì gbé láítà náà.

"Nọ́ńbà mi ni," ó wí.

Kò sọ pé tòun ni, kò sọ pé kì í ṣe tòun. Ó gbé e lọ́wọ́ láìfi pamọ́, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pèpéle, gbogbo wọn sì ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin títí tí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Wọ́n ní kí Tún-un-wò bá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé ló bọ́ sí ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà alágbàfọ̀ àti Ọlọ́dà pé. Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, gbogbo wọn péjọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Tún-un-wò dúró lẹ́yìn, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Alágbàfọ̀ náà ti di báàgì tirẹ̀. Ó rò pé ẹni tó lé etí ọ̀gá kúrò lórí ọ̀gá, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe? Ọlọ́dà dúró tì í. Òun náà gbé báàgì.

"Ìwọ náà?" alágbàfọ̀ bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ni funfun yẹn. Láti ọjọ́ sítóò ni mo ti ń rò ó. Kódà mo ti ń ti ife tíì mi mọ́lé nítorí yín."

"Kí ni mo fẹ́ fi ife rẹ ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ọ̀gá pèpéle jáde síwájú. Kò ka ìwé kankan. Ó ní, "Alágbàfọ̀, bọ́ síbí." Ó bọ́ síwájú. "Ẹni tó dé aláwọ̀ ewé rèé. Ta ló dúró fún un?"

Alágbàfọ̀ ò gbọ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èmi ni," ohùn kan wí látẹ̀yìn.

Tún-un-wò ló ń bọ̀. Ọ̀gá pèpéle fajú ro. "Ọkọ̀ rẹ ń dúró."

"Títí ẹsẹ̀ mi á fi kúrò lórí irin yìí, funfun ṣì ni mo dé. Mo ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù pé mo dúró fún un. Mi ò yí i padà." Ó kọjú sí àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn náà ni ó gùn jù lọ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún mélòó la fi ń jà lórí ohun tó sọ nù nínú àpò? Ó dé, ó gbé abọ́ síta. Mo ń wo abọ́ yẹn lójoojúmọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó gba gbogbo nǹkan, àbí ó kàn ń gba ìṣó àti búrẹ́dì."

Ó ṣí akoto orí rẹ̀, akoto funfun tó ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí aláwọ̀ ewé lórí obìnrin náà, ó sì dé tirẹ̀ fún un. Ó tóbi díẹ̀. Ó bo ojú rẹ̀, òkùnkùn sì ṣú fún un ní ìṣẹ́jú kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Bàbá Alásè fi ẹnu sí i létí. "Àṣà wa nìyẹn. Ẹnì kan tó dé funfun gbọ́dọ̀ bọ́ tirẹ̀ fún ọ, kí ó tó gba tuntun ní sítóò. A kì í sọ fún àlejò, kí wọ́n má baà máa bá akoto ṣọ̀rẹ́."

Nígbà náà ló yé e. Tuntun tó wà nínú àpótí, ti ẹni tó dúró fún un ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró. Fún Ọlọ́dà, kò sí.

"Ọlọ́dà," ọ̀gá wí. "Ta ló dúró fún un?"

Ọlọ́dà tẹ̀ síwájú, ó tún báàgì gbé kọ́ èjìká. Alágbàfọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Sà, mo mọ̀ pé tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ni, mi ò lè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni mo fi yẹ àpò rẹ̀ wò. Búrẹ́dì ni. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí gáàsì jò, òun ló ju irinṣẹ́ sílẹ̀ tó sáré lọ tẹ agogo. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nítorí búrẹ́dì. Bàbá Alásè mí kanlẹ̀.

"Búrẹ́dì mi ni ó ń jí," ó wí. "Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí bóyá á jẹ́wọ́."

"Mo rò pé ẹ ń bù ú fún mi ni, Bàbá."

"Mo ń bù ú, o tún ń mú un." Ó bọ́ akoto funfun rẹ̀, orí rẹ̀ tó pá sì ń dán nínú oòrùn òwúrọ̀. "Ó dáa, mo dúró fún un. Kí n lè máa rí i dáadáa. Tuntun inú sítóò yẹn, Tún-un-wò ò ní lò ó mọ́. Ẹ lọ gbé e wá kí otútù má pa mí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé akoto kan ṣoṣo tó orí méjì.

Alágbàfọ̀ sáré bá Tún-un-wò níbi àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Orí rẹ̀ wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀. Ó dà bí bàbá ẹnì kan.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́. Láítà yẹn. Ṣé tiyín ni, àbí ẹ fi í síbẹ̀ fún mi?"

Ó ronú sí i. "Bí mo bá ní mo fi í síbẹ̀ láti dán ọ wò, wàá gbà mí gbọ́?"

Ó fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè sọ ọ́. "Mi ò mọ̀, sà."

"Bí mo bá ní mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ ìyẹn náà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá gba ènìyàn gbọ́ kò ní yẹ àpò wò mọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án, nínú yàrá ìfọṣọ, ó tú awọ tó yí inú akoto náà ká, ibi tí òógùn máa ń dúró sí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọlọ́dà ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ráhùn pé funfun ń ta òun lórí. Ó gbé awọ náà sún mọ́ imú. Ẹni tó ń mu sìgá, òórùn rẹ̀ kì í fi irú ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ó kàn yẹ kó fà á símú lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó tì í bọ inú omi ọṣẹ, kí imú rẹ̀ tó sọ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n fún un láyè, ó pe ilé. Màámi gbọ́ ìròyìn náà tán, ọmọ gba fóònù.

"Ìyá mi, Màámi ní ẹ ti di funfun. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ṣé ó funfun gan-an?"

Ó wo akoto tó fi kọ́ sára ìṣó, pẹ̀lú ibi tó ti ha.

"Ó funfun díẹ̀. Ẹlòmíràn ti dé e rí." Ó fi ọwọ́ dí etí kejì nítorí ariwo òkun. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé kò sí ìròyìn lẹ́nu rẹ?"

"Kò sí," ọmọ náà wí, ọ̀rọ̀ náà sì gba ibi àlàfo eyín rẹ̀ jáde bí afẹ́fẹ́. "Kò sí nǹkan kan rárá. Ẹ wá wò ó fúnra yín."